Wísíkì Ráì Láti Ọsirélíà: Màmá Ọlọ́tí, Ẹ Má Tà Á O!

Ìwé kan dé sórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Màmá kan tó ń ta ọtí ní Ìbàdàn ló kọ ọ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, ló fi ìgò wísíkì kan rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Wọ́n kọ ‘Rye’ gàdàgbà sára ìgò náà, wọ́n sì kọ ‘The Gospel’ sí i pẹ̀lú. Màmá ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sórí pẹpẹ láàárín àwọn ọtí yòókù, ó ń tẹ̀ síwájú nínú ọjà rẹ̀.

Ni ọkùnrin kan bá wọlé. Ó gbé ìgò náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, ‘Màmá, ayédèrú lèyí o. Wísíkì tí kì í bá ti í ṣe ti Scotland, wísíkì kọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bá yín rà á ní iye tí ẹ̀ ń ta jíìnì.’ Màmá ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, àfi bí ọkàn òun ṣe kọ̀ tí kò balẹ̀. Ó wá bi wá léèrè pé ṣé òótọ́ lọkùnrin náà ń sọ, ṣé ọtí tó dáa ni, àti pé èló ló yẹ kóun tà á.

Màmá, ẹ ṣé é tí ẹ kọ́kọ́ bi wá. Ẹ má tà á. Ọkùnrin yẹn, bí kò bá jẹ́ aláìmọ̀kan, a jẹ́ pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, kí ló fẹ́ẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ̀sìn yín ò fàyè gba ọtí, ẹ má bínú sí wa. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ mu ún. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìròyìn iṣẹ́ ọwọ́, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ lọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù.

Ohun tó jẹ́ kí n lè dá màmá lóhùn ni pé ọtí yìí gan-an, mo ti fẹnu ara mi tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Melbourne, àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà níbẹ̀ ló gbé e wá lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí mo ka ara ìgò, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìhìnrere! Mo ní, ‘Ṣé àwọn pásítọ̀ ló ń sè ọtí nílẹ̀ yìí ni?’ Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.’

Mo na ọwọ́ sí ife omi ńlá kan. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dà á sọ́nà ọ̀fun bí ẹni ń mu ẹmu o! Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí tó wà nínú ẹ̀.’ Ló bá mú ife kékeré kan jáde tó yọ ikùn nísàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wá fún. Ó ní ẹnu tó fún yẹn ló ń kó òórùn ọtí jọ sójú kan. Ó da ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, kò ju ṣíbí méjì lọ. Kò fi yìnyín sí i, kò da kóòkì mọ́ ọn. Ó ní yìnyín máa ń ti òórùn mọ́lé, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ bí ọtí ṣe rí ní láti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bó ṣe wà.

Ojú la fi kọ́kọ́ wò ó. Ó pọ́n bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò. Àmọ́ àbúrò ní kí n má jẹ́ kí àwọ̀ tàn mí jẹ, torí ibi púpọ̀ wà láyé tí wọ́n ti máa ń fi súgà jíjóná pa wísíkì láró. Ẹ̀yin aláṣọ mọ ìyẹn: aṣọ tó pọ́n kọ́ ló ń jẹ́ aṣọ tó dáa.

Ó kan imú. Mo ki imú bọ inú ife bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, àfi gìrì! Ó ta mí nímú, mo sì sín lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi àti àbúrò ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ gbé imú sí etí ife, ẹ má fà á kíkan.’ Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yàtọ̀. Òórùn àkọ́kọ́ tó wá bá mi ni ti búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Lẹ́yìn ìyẹn ni súgà tí iná rà, àti fànílà tí ẹ̀yin tó ń ṣe kéèkì máa ń kán sí i. Mo tún gbé imú lé e lẹ́ẹ̀kẹta, ni òórùn kan bá gbé mi lọ tààrà sí ìsọ̀ àwọn eléèlò ọbẹ̀: kànáfùrù àti ìyèré. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni òórùn pákó wà, bíi ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá igi.

Nígbà tó kan ẹnu, àbúrò ní èyí tí mo bá kọ́kọ́ mu kì í ṣe èyí tí n ó fi ṣèdájọ́. Ó ní ńṣe ni ẹnu àti ọtí ń kí ara wọn. Òótọ́ ni, torí èyí àkọ́kọ́ jó mi lẹ́nu ni, n kò gbọ́ adùn kankan. Nígbà tí mo mu ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo yí i káàkiri ẹnu kí n tó gbé e mì. Ó dùn lórí ahọ́n bí oyin, àmọ́ adùn náà kò pẹ́. Ata ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ata rodo tó ń ta èèyàn lójú ẹsẹ̀ o, bíi ataare ni, tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá rún un tán ló ń gbóná bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Nígbẹ̀yìn, ó fa ẹnu mi pọ̀ bí ẹni jẹ obì. Mo ti ka oókan dé ọgọ́ta, ooru rẹ̀ ṣì wà láyà mi.

Àbúrò wá fi ṣíbí kán omi sí i, ẹ̀kán mẹ́ta péré. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni ṣílẹ̀kùn ni! Ata náà rọlẹ̀, oyin padà wá, òórùn èèpo ọsàn tí n kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ sì yọjú. Bí ẹ bá fẹ́ẹ́ mọ wísíkì tó dáa, ẹ kán omi sí i bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ṣe ni yóò kàn dà bí omi.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ọtí tó dáa ni, ojúlówó sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọtí ẹni tó ń wá ohun tí yóò rọra yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ó ní ẹ̀gún díẹ̀, òórùn pákó rẹ̀ sì ga díẹ̀ fún ẹnu tèmi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àbúrò, ó sì bá mi jiyàn. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ata tí ẹ̀ ń sọ yẹn gan-an ni ráì! Ẹni tó ra ráì tó ní kó má ta òun lẹ́nu, ó dà bí ẹni tó ra ata rodo tó ní kó má ta.’ N kò rí èsì fọ̀.

Kí wá ni ráì? Ọkà òyìnbó ni, mọ̀lẹ́bí àlìkámà. Ilẹ̀ tí àlìkámà bá kọ̀, tó tutù tàbí tí kò lọ́ràá, ráì á ṣe dáadáa níbẹ̀. Òun ni àwọn ará Jámánì àti Rọ́ṣíà fi ń ṣe búrẹ́dì dúdú wọn. Àdúgbò Brunswick ní Melbourne ni wọ́n ti ń sè ọtí tí mo tọ́ wò yìí, ọkà ráì nìkan ni wọ́n sì fi ń sè é, wọn kì í da ọkà mìíràn mọ́ ọn. Agbègbè Murray Mallee, ní Gúúsù Ọsirélíà, ni ọkà náà ti ń wá. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, òjò rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ibi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ẹ́ máa kó iyanrìn lọ lóko, ráì ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbìn sí i, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú.

Ti pé kì í ṣe ti Scotland ńkọ́? Scotland ni Scotch, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé aṣọ òkè tí kì í bá ṣe ti Ìṣẹ́yìn, aṣọ òkè kọ́, ṣé ẹ ò ní pariwo lé e lórí? Òfin Ọsirélíà ní ọtí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ wísíkì àfi bó bá ti lo ọdún méjì, ó kéré tán, nínú àgbá igi. Ti Scotland jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wísíkì ráì ti gbajúmọ̀ jù, òfin ní ráì gbọ́dọ̀ tó ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ọkà tí wọ́n fi sè é, àgbá igi óókù tuntun tí wọ́n fi iná sun inú rẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Ìlànà Amẹ́ríkà yìí ni àwọn ará Melbourne tẹ̀ lé. Iná tí wọ́n fi sun inú àgbá ló bí fànílà àti súgà jíjóná tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ata inú rẹ̀, ti ọkà fúnra rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ráì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ o. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ro ẹ̀kọ mọ bó ṣe máa ń rí tí ògì bá ki jù tó sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ráì burú ju ìyẹn lọ. Ó máa ń yọ̀ bí ilá, ó máa ń lẹ̀ bí àtè, tí ìwúkàrà bá sì bọ́ sí i, á máa hó jáde bí ọṣẹ. Lẹ́yìn tó bá ti kan tán, wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù lọ, á tutù, á sì máa kán. Èyí tó kọ́kọ́ kán ni wọ́n ń pè ní orí, òórùn rẹ̀ dà bíi ti tínà tí àwọn apènà-mọ́tò fi ń po kun, dídà ni wọ́n ń dà á nù tàbí kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ìrù, òun náà ń rùn. Àárín nìkan ni wọ́n ń mú. Imú àti ahọ́n ẹni tó ń sè é ló máa sọ ibi tí orí parí sí àti ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣe ojúkòkòrò, tó fẹ́ kí ọtí pọ̀, ẹnu ẹni tó bá mu ún ló máa jẹ́rìí sí i.

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Peter Bignell lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ní abúlé Kempton, ní erékùṣù Tasmania tó wà nísàlẹ̀ Ọsirélíà. Ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ sí í sè ọtí nínú oko rẹ̀ tó ń jẹ́ Belgrove, òun ni wọ́n sì kà sí ẹni tó mú wísíkì ráì wọ Ọsirélíà lóde òní. Fúnra rẹ̀ ló gbin ráì rẹ̀. Kò ra ìkòkò tí wọ́n fi ń sè é, ńṣe ló ra bàbà, tó gé e, tó lù ú, tó sì jó o pọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ẹ́ máa gbẹ ọkà tó ti rẹ tó sì ti hù, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń mú àgbàdo hù fún sẹ̀kẹ̀tẹ́, ẹ̀rọ ńlá àlòkù tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń gbẹ aṣọ ló wá, ló bá sọ ọ́ di ẹ̀rọ ọkà!

Iná rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ná. Ilé oúnjẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà nítòsí oko rẹ̀ tí wọ́n ti ń dín ànàmọ́ òyìnbó. Òróró tí wọ́n bá ti dín nǹkan tì, òun ló ń gbà, tó sì fi ń dá iná sábẹ́ ìkòkò ọtí. Pàǹtí ọkà tó bá kù, àwọn àgùntàn rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí àbúrò ń sọ èyí fún mi, ojú rẹ̀ ń dán. Wẹ́dà ni, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ jó ìkòkò tí kò ní jò.

Bí kì í bá ṣe ọkùnrin mìíràn, Bignell ì bá máà rí àyè ṣe é. Láti bí 150 ọdún ni kò ti sí ẹni tó ń sè ọtí líle lábẹ́ òfin ní Tasmania. Òfin àtijọ́ kan ní Ọsirélíà sọ pé ìkòkò ẹni tó bá fẹ́ẹ́ sè é kò gbọ́dọ̀ kéré sí 2,700 lítà. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀, àfi ilé iṣẹ́ ńláńlá? Ọ̀gbẹ́ni Bill Lark ló tọ àwọn aṣòfin lọ tí wọ́n fi yọ̀ǹda ìkòkò kékeré, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1992. Àwa náà kò ṣàì mọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin àgbà lè rántí bí ìjọba òyìnbó ṣe fi ọlọ́pàá lé àwọn tó ń sè ògógóró kiri inú igbó. Láti ìgbà ti Lark ni àwọn kéékèèké ti ń yọ káàkiri Ọsirélíà. Ní 2020, nínú ìdíje World Whiskies Awards, ráì tí Archie Rose ṣe ní ìlú Sydney ni wọ́n pè ní ráì tó dáa jù lágbàáyé. Wọ́n borí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni ín! Ẹ bá mi fi ìyẹn dá ọkùnrin tó fẹ́ẹ́ ra ìgò màmá lóhùn.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ìgò 700 mílílítà tó jẹ́ ìdá 45, ọtí gidi tó wà nínú rẹ̀ tó 315 mílílítà. Bí ẹ bá mú bíà ìgò ńlá tó jẹ́ ìdá márùn-ún, ẹ ó mu ju ìgò mẹ́wàá lọ kí ẹ tó mu iye ọtí yẹn. Torí náà ẹni tó bá ní òun dá wísíkì ìgò kan mu lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ìyàwó rẹ̀ tètè bá a wá dókítà. Ìjọba Ọsirélíà sì máa ń gba owó orí tó ju 100 dọ́là tiwọn lọ lórí lítà ọtí gidi kọ̀ọ̀kan. Lórí irú ìgò yìí, ìyẹn lé ní dọ́là 31 kí ẹnikẹ́ni tó jèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba máa ń dá owó padà fún àwọn tó ń sè é, èyí sì ń ran àwọn kéékèèké lọ́wọ́. Màmá, ṣé iye jíìnì lẹ fẹ́ẹ́ tà á?

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ tà á ní owó gọbọi. Ọjà tó bá ti òkè òkun wá tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò yẹ lórí pẹpẹ ìsọ̀. Ẹ̀bùn ni ọmọ yín fi ránṣẹ́. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ẹ gbé e wọ yàrá.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ wo ìdérí rẹ̀ dáadáa. Ṣé wọ́n ti fọwọ́ kàn án? Ṣé ọtí inú rẹ̀ kún dé ọrùn? Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti ṣe é àti iye ìdá ọtí wà lára rẹ̀ láìsí àṣìkọ? Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ṣì ní ìwé owó tó fi rà á. Bí ìdérí bá ti já, ẹ má tọ́ ọ wò rárá. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé gbogbo ọgbọ́n ahọ́n àti imú tí mo ti ń kà sílẹ̀ láti òkè, kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù. Májèlé yìí kò yàtọ̀ sí ọtí lójú, ahọ́n kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó ní kéèyàn ṣáná sí i wò, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní oṣù kọkànlá 2024, èèyàn mẹ́fà ló kú nínú àwọn àlejò tó mu ún mọ́ ọtí ní ìlú Vang Vieng, ní orílẹ̀-èdè Laos. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ará Ọsirélíà, ọmọ ọdún 19. A ò sì tíì gbàgbé Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Ẹni tó bá mu ọtí lónìí, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣú lọ́la, tí inú ń run ún tó sì ń bì, kó má pe é ní họ́ọ̀fà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Bí ìdérí bá pé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wá ife kékeré, ẹ pe baálé yín, ẹ da díẹ̀díẹ̀, ẹ kán omi mẹ́ta sí i. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn kànáfùrù, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ ṣì kọ̀wé, ká jọ jiyàn.

Nígbà tí ẹ bá mu ún tán, ẹ fọ́ ìgò náà. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń ra ìgò kiri. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń rọ sí i.